Fèrè Ọkọ̀ Aláìsàn ní Ruwais

Ẹsẹ̀ yìí ti sú mi. Iṣan orúnkún mi ló já níbi tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí i, síbẹ̀ mi ò lè dé ilé ìwẹ̀ láìdi ògiri mú. Láàárọ̀ yìí, ìyàwó mi ṣí ike òrí, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí Ruwais, níbi tí a ń gbé nílẹ̀ Lárúbáwá nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Bàbá mi àtàwọn lébìrà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn etí òkun. Mo gbọ́ tí orúnkún rẹ̀ ró pà! Ó ṣubú. Onísọ́ọ̀bù kan bá wa pe ọkọ̀ aláìsàn. Bí mo ṣe gbọ́ fèrè rẹ̀, inú mi dùn, èmi náà á wọ̀ ọ́! Àfi bí Bàbá ṣe dìde, tó ń fi tipátipá rẹ́rìn-ín.

"Yallah, ó yá, Bàbá, ọkọ̀ ti dé!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́. Di ọwọ́ mi mú, ká máa lọ sílé."

Mo sunkún délé. Ìyá mi ń fi òrí ra orúnkún náà, Bàbá ń gé ìrọ̀rí jẹ, èmi ṣì ń bínú pé ó fi ọkọ̀ dù mí.

Bàbá ò ní ìkámà, ìwé ìgbélùú; ọsibítù ì bá fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Èmi ní ìwé tèmi. Ọkọ̀ aláìsàn ló gbé mi kúrò lórí pápá, fèrè ń han gooro. Dókítà ní màá tún sáré.

Bàbá tiro títí tó fi kú.