Àwọn Márùn-ún Tó Fo Ọmọ Mi Kọjá

Lọ́dún tí ọmọ mi obìnrin pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ga ní mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, láìwọ bàtà, ní òwúrọ̀. Mo sọ pé ní òwúrọ̀ nítorí pé ènìyàn máa ń kúrú díẹ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Mo ti wọ̀n ọ́n rí. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Ifangni, mo sì gba ìwé ẹ̀rí kọlẹ́ẹ̀jì, nítorí náà n kì í fojú bu nǹkan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé gbogbo ẹnu ọ̀nà ilé wa sókè nítorí orí rẹ̀.

Gíga yìí ló gbé e dé inú ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì iléèwé wọn. Olùkọ́ eré ìdárayá wọn, tí gbogbo ọmọ ń pè ní kóòṣì, rí i níbi tó ti ń já máńgòrò láìgun igi, ó sì fi í sí ipò tí wọ́n ń pè ní pívò. Pívò ni ẹni tó ga jù, tó máa ń dúró nísàlẹ̀ òrùka irin tí àwọ̀n so mọ́, kí ó lè gba bọ́ọ̀lù lókè, kí ó sì sọ ọ́ wọlé. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, èyí tí ọmọ mi mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni dídúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, kóòṣì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó lórí pákó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

"Bàbá, ẹ má bínú. Gíga ọmọ yín ni mo rí tí mo fi mú un. Oṣù mẹ́jọ rèé, bọ́ọ̀lù ṣì ń bà á bí ìgbà tí ó bá ń ba ògiri."

"Ṣé ó ṣì lè dàgbà nínú eré náà?"

"Mi ò mọ̀. Ọmọ méjìlá ni mò ń kó lọ sí Àjàṣẹ́ fún ìdíje àwọn iléèwé. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Méjì á kù nílé."

"Ṣé òun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì náà?"

"Tó bá jẹ́ pé òní ni mo fẹ́ kọ orúkọ, òun ni méjèèjì."

Mi ò sọ fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Òpó Iná ní àdúgbò, ó sì ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń tẹ ọrùn, tó ń ká èjìká sínú, kí gíga lè dín kù. Inú ẹgbẹ́ yẹn nìkan ni wọ́n ti ní kí ó nàró. Bí wọ́n bá lé e kúrò níbẹ̀, mo mọ̀ pé yóò tẹ ọrùn padà, kò sì ní gbé e sókè mọ́ títí yóò fi lọ sílé ọkọ.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọbìnrin kan láti Igolo wá bá wọn figagbága. Mo wà níbẹ̀. Kò sí ìgbà tí wọ́n ń ṣeré tí n kì í sí níbẹ̀, létí ìlà funfun, kí n lè máa kìlọ̀ fún un. "Rọra." "Wẹ̀yìn wò." "Ṣọ́ra fún ìgúnpá yẹn." Ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gba àárín àwọn méjì kọjá, ó sì fi ẹ̀yìn balẹ̀ gbalaja, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà tàntàn. Bọ́ọ̀lù ti sá lọ sí òdìkejì. Àwọn ará Igolo sáré tẹ̀ lé e, wọ́n sì fo ọmọ mi kọjá bí ẹni fo gọ́tà: nọ́ńbà mẹ́rin, nọ́ńbà méje, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, nọ́ńbà mọ́kànlá, lẹ́yìn náà onífèrè tó ń darí eré fúnra rẹ̀. Láti ọ̀tún sí òsì ni gbogbo wọn gbà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn páálí kan, nítorí pé mo fẹ́ fi ẹjọ́ wọn sùn.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Mo ròyìn fún un.

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Wọ́n ré ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá?"

"Wọ́n fò ó kọjá, àwọn márùn-ún."

"Wọ́n sì padà?"

"Ìyá, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń lé. Kí ni wọ́n á padà wá ṣe?"

"Ẹni tó bá ré ẹsẹ̀ ọmọ kọjá, ó gbọ́dọ̀ padà gba ibi tó gbà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ náà ò ní dàgbà mọ́. Ṣé èmi ni mo tọ́ ọ?"

"Ó ga jù mí lọ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlá. Kí ló tún kù tó fẹ́ dà?"

"Lọ wọ̀n ọ́n," ni ìyá mi wí, ó sì mú ọ̀bẹ rẹ̀.

Mo wọ̀n ọ́n. Mo wọ̀n ọ́n ní àràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀yìn rẹ̀ lára férémù ilẹ̀kùn, ìwé pẹlẹbẹ lórí rẹ̀, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ mi. Lóṣù tó ṣáájú ìṣubú yẹn, ó ti fi mìlímítà mẹ́ta ga sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, òdo. Mi ò gba ọ̀rọ̀ ìyá mi gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá kan tábìlì tán, tí wọ́n wá sọ fún un pé ìṣó kan lè wà tí kò wọlé tán, ṣé kò ní padà lọ fọwọ́ pa á wò?

Mo gun alùpùpù lọ sí Igolo. Mo gba àárín àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní ẹnubodè àti àwọn aláàárù kọjá títí mo fi dé iléèwé àwọn ọmọ náà. Obìnrin síngbọnlẹ̀ kan ni kóòṣì tiwọn. Mo nawọ́ páálí mi sí i.

"Mo wá nítorí àwọn ọmọ yín mẹ́rin kan."

"Kí ni wọ́n jí?"

"Wọn ò jí nǹkan kan. Wọ́n fo ọmọ mi kọjá nígbà tó ṣubú, wọn ò sì padà."

Mo ti múra sílẹ̀ de ẹ̀rín. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ka páálí náà, ó tún wò mí láti òkè délẹ̀. "Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ẹ̀yin wá ń wo ọmọ yín níran?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ làwọn máa wá sí Ifangni lẹ́ẹ̀kejì, kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n á sì ṣe é. Nọ́ńbà méje ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìdí-Ìrókò, ṣùgbọ́n òun á ránṣẹ́ sí i kó sọdá wá.

Onífèrè ló le. Tíṣà ni ní Tchaada, ó sì fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní òun ò kọ̀, ṣùgbọ́n òun ò lè ré ọmọ ẹgbẹ́ kan kọjá kí òun má ré ti ẹgbẹ́ kejì, kí wọ́n má baà ní òun ń ṣègbè. Mo ní bó bá ré ọmọ Igolo kan kọjá, ìyẹn náà ò ní dàgbà mọ́. Ó ronú. Ó ní òun á ré ìyẹn lọ, òun á sì ré e bọ̀. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan fún ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì fún tiwọn, ṣé kò ní jẹ́ ìṣègbè? Wákàtí kan la fi wà lórí rẹ̀. Níkẹyìn, a fẹnu kò pé èyí tó ṣe lọ́jọ́ ìṣubú yẹn la ó kà mọ́ ti ọmọ mi, kí ó lè pé méjì-méjì.

Ó wá ku ẹni tó ni ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ fẹ́ kí n dùbúlẹ̀ níwájú gbogbo iléèwé?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré."

"Mo ti ń ṣubú fún wọn láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ mí. Wọ́n tún ní kí n wá dùbúlẹ̀."

Ìyá mi dá sí i. "Dùbúlẹ̀ fún mi, ìyá mi. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, o ò kàn ti sinmi ni?"

Lọ́jọ́ Sátidé náà, mo ti débẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Mo fi mítà wọn ibi tó ṣubú sí láti ìdí òpó tó gbé òrùka náà, mítà méjì àti ogójì sẹ̀ǹtímítà, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí ibẹ̀ ká. Ọmọ mi dùbúlẹ̀ sínú ìlà náà, ó fi apá bo ojú. Gbogbo kíláàsì ti jáde. Ìyá mi jókòó sórí àpótí, ó ń bójú tó wọn bí ẹni ń bójú tó ẹran tó ń wọ ọgbà.

Nọ́ńbà mẹ́rin ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú", ó sì ré e kọjá jẹ́jẹ́. Nọ́ńbà méje tó wá láti Ìdí-Ìrókò ré e kọjá pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lápá. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án fò. Ìyá mi ní kó tún un ṣe, kì í ṣe eré. Ó tún un ṣe, ó wá bá ara rẹ̀ ní apá tí kò yẹ kó wà, ó sì tún ní láti padà. Onífèrè ṣe tirẹ̀, ó gba orí ọmọ Igolo kan lọ, ó gbà á bọ̀, ó sì fun fèrè.

Nọ́ńbà mọ́kànlá ló kù. Òun ni pívò tiwọn, kúkúrú, ó fẹ̀ bí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sọdá, ó sì dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

"Òpó Iná, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan. Kí ló dé tí o máa ń wo bàbá ẹ tí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀?"

Ọmọ mi gbé apá kúrò lójú. "Èmi?"

"Ìwọ ni. Bọ́ọ̀lù bá ti gbéra báyìí, ojú ẹ á lọ sétí ìlà, kó o lè gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ wí. Kó o tó padà dé, mo ti gbà á. Kóòṣì wa ní ká má wulẹ̀ ṣọ́ ẹ. Ó ní bàbá ẹ ń bá wa ṣọ́ ẹ."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí kan àwọn tiwa. Kóòṣì Igolo ń wo ojú ọ̀run bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀. Nọ́ńbà mọ́kànlá gbé ẹsẹ̀ kejì kọjá, ó sì lọ bọ́ ẹ̀wù òkè rẹ̀.

Mo yíjú sí kóòṣì tiwa. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Bàbá, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ kan gbogbo bẹ́ǹṣì tí à ń jókòó sí, ẹ ò sì gba nǹkan kan."

Ọmọ mi ti dìde. Ó ń gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò lẹ́yìn ara rẹ̀. Kò wo ojú mi. "Bàbá," ó rọra sọ ọ́, "ẹ máa lọ."

Mi ò lè lọ sílé. Mo lọ dúró sẹ́yìn ògiri kíláàsì, níbi tí mi ò ti lè rí wọn, tí wọn ò sì lè rí mi. Fèrè dún. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, mo gbọ́ bọ́ọ̀lù. Mo gbọ́ "rọra" kan, mo sì rí i pé èmi ni mo sọ ọ́, fún ògiri. Ìyá mi wà níbi tó ti lè rí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó máa ròyìn fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ nǹkan kan nípa eré náà.

"Wọ́n ti jù ú sí i."

"Ó mú un?"

"Ó bọ́. Wọ́n tún jù ú. Ó di í mú."

"Ó di í mú?"

"Ó di í mú, ó sì yípo. Yéè, ó ti bi ẹnìkan ṣubú."

"Ta ni?"

"Mi ò mọ̀. Ọmọ ẹlòmíràn ni. Dákẹ́ ká wòran."

Wọ́n pàdánù. Kóòṣì wá bá mi lẹ́yìn ògiri, ó ní bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ni wọ́n jù sí i, ó sì mú mẹ́rin. Mo ní mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án kò tó ìdajì. Ó ní òdo ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó lẹ orúkọ mọ́ ara ògiri lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ mi ló ṣe ìkejìlá.

"Ṣé ó máa dàgbà nínú eré yìí báyìí?" ni mo bi kóòṣì.

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Òun ló kẹ́yìn wọn síbẹ̀. Ẹ fún mi ní ọdún méjì."

"Láti òní ni, àbí láti ìgbà tí iléèwé bá wọlé?"



Títí dòní, ìyá mi gbà pé ìrékọjá náà ló ṣe é. Mi ò bá a jiyàn. Nǹkan méjì la ṣe lọ́jọ́ kan náà: wọ́n padà ré ọmọ náà kọjá, wọ́n sì lé mi lọ. Ẹni tó bá ṣe nǹkan méjì pọ̀ ò lè búra pé ọ̀kan báyìí ló ṣiṣẹ́. Ó yẹ ká ti ṣe wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Mi ò tẹ̀ lé wọn lọ sí Àjàṣẹ́. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, mo kan àga kan, mo tú u, mo sì tún un kàn. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, kóòṣì pè mí lórí fóònù. Ó ní wọ́n ti jáde nínú ìdíje. Ó ní òun fún ọmọ mi ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó mú bọ́ọ̀lù méjì, ó sì ju ọ̀kan wọlé. Wọ́n fi ìgúnpá gbá a lẹ́nu, ètè rẹ̀ wú.

"Ètè wo? Ti òkè ni, àbí ti ìsàlẹ̀?"

"Mi ò wò ó, Bàbá. Ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, mi ò rí i dáadáa."

Mo ní kó gbé fóònù fún un. Ó lọ, ó sì padà wá. Ó ní ọmọ náà ní òun ń bọ̀, pé òun ń ṣàlàyé fún wọn bí òun ṣe jù ú. Mo di fóònù náà mọ́ etí. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ń pariwo ju ti gbogbo wọn lọ, mo sì dúró, mi ò pa fóònù, títí kírẹ́díìtì kóòṣì fi tán.