Mo Kú... Iṣẹ́

Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọge ni mo ti ń ránṣọ ní Bẹẹrẹ kí rọpárọsẹ̀ tó mú mi lápá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ mi padà bọ̀ sípò. Ẹnu mi náà yá, àwọn kan tilẹ̀ ní ìyẹn ni kò yẹ kó tètè yá. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò mi kọ̀, kò lè di abẹ́rẹ́ mú. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wá ẹni tó máa ra ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo ní kí wọ́n lọ ta tiwọn.

Nọ́ọ̀sì fún mi ní bọ́ọ̀lù rọ́bà, ó ní kí n máa fún un mọ́wọ́. Kò pẹ́ tó fi sú mi. Ọkùnrin tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní àpótí géèmù àtijọ́ kan, tí ẹni tó gbé e wá fún àtúnṣe kò padà wá gbé. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan wà nísàlẹ̀ ojú rẹ̀. Ilẹ̀ á máa ṣàn bọ̀ láti òkè, àwọn ọ̀tá á máa bá a bọ̀, ìwọ á máa yìnbọn, wàá sì máa yẹ ọta tiwọn. Ọwọ́ òsì ló ń darí ọkọ̀, àtàǹpàkò ọ̀tún ló ń tẹ bọ́tìnnì ìbọn. Bí mo ṣe rí bọ́tìnnì yẹn, mo mọ̀ pé mo ti rí dókítà mi, mo sì ní kó gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

Ẹ̀mí mẹ́ta ni géèmù náà ń fúnni. Nígbà tí ọta kọ́kọ́ bà mí, mo pariwo: "Mo kú!"

Màmá mi, tí wọ́n ń wá jókòó tì mí látìgbà àìsàn náà, fò dìde. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ìwọ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gbà padà?"

"Màmá, ọkọ̀ inú géèmù ni o."

"Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ. Tó bá ti já bọ́ lẹ́nu ẹ, yáa fi 'iṣẹ́' kún un."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń kí ara rẹ̀ nìyẹn. Ọta á bà mí, màá ní, "Mo kú...", Màmá á gbójú sókè, màá sáré fi "iṣẹ́!" kún un. Wọ́n á ní, "Àmín." Àwọn tó ń gòkè lọ sí Mápó máa ń yà wo àgbàlagbà tó ń ṣeré ọmọdé. Mi ò wo ojú wọn. Ẹ̀rù ló ń bà mí: bí mi ò bá ránṣọ mọ́, kí ni mo fẹ́ máa jẹ́? Mò ń tẹ̀ ẹ́, ó ń dùn mí, mo tún ń tẹ̀ ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ku ẹ̀mí kan ṣoṣo nígbà tí mo fọ́ ọkọ̀ ńlá tó wà lópin ọ̀nà. Mi ò dúró wo máàkì. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, mo mú abẹ́rẹ́. Àtàǹpàkò mi dì í mú. Mo jókòó ti Màmá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìṣẹ́tí bùbá wọn tó ti tú, tí wọ́n ń fi píìnì há látìgbà tí mo ti ń ṣàìsàn. Mo rán an tán, mo já òwú.

"O kú iṣẹ́," ni wọ́n wí.

Ẹnu mi tó ti yá tipẹ́tipẹ́ dáhùn: "Àmín."