Ọjọ́ Tí Nathaniel Ṣílé ní Òkè-Àgbò

Ọjọ́ ìṣílé yẹn ṣì máa ń wá sí Nathaniel lọ́kàn. Bó bá ti wá, á rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Agégẹdú ni. Òun àti Mùbàṣírù ni wọ́n jọ ń di ayùn mú, ọ̀kan lórí igi, ọ̀kan nínú kòtò. Ayé ìjọba Wẹ́sítánì ni. Igbó Ìjẹ̀bú-Igbó ṣì kún fún ìrókò nígbà náà, ẹni tó bá sì lápá kì í fi ebi sùn. Nathaniel kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lápá. Apá yẹn ló fi kọ́ ilé yàrá méjì sí Òkè-Àgbò, ó sì kan páànù lé e. Bí òjò bá ń rọ̀ lórí páànù tuntun yẹn, Àbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀ á ní, "Bàbá Títí, gbọ́ ọ. Ó ń kí wa."

Ọmọ Màkún-Omi ni Àbẹ̀bí. Nathaniel lọ gégi lọ́nà Abígí, ó rí i, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Adéfọlá baba rẹ̀ kò fẹ́. Apẹja ni, apẹja ló sì fẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ẹbí bẹ̀ ẹ́ títí, ó gba ohun ìdána. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilé ará igbó yẹn. Wọ́n bí Ọmọ́títí, baba kò wá. Àbẹ̀bí kò ráhùn. Ṣùgbọ́n bó bá ń dáná, á máa kọ orin àwọn tó ń wakọ̀ lójú omi, bó bá sì dé ibì kan, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀. Nathaniel mọ ibẹ̀, ó mọ̀ pé baba ló ń rò.

Nígbà tí ilé parí, Nathaniel fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí Màkún-Omi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn. Baba ń tún àwọ̀n ṣe, kò gbójú sókè.

"Ẹ wá bá wa ṣílé, bàbá."

"Ilé onípáànù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Páànù máa ń gbóná."

"A ó ṣí fèrèsé sílẹ̀, sà."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu baba, ó gbé e mì. "Sátidé wo?"

Nathaniel sọ ọ́. Baba ní, "Màá wò ó." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Àbẹ̀bí gbọ́, ó gbé ọmọ odó kalẹ̀, ó fi aṣọ bojú.

Ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí ìṣílé ku ọ̀sẹ̀ kan, aríran ríran. Alàgbà Zechariah dìde, ó ní kí gbogbo ìjọ gbààwẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ dé Sátidé, ọjọ́ ìṣílé gan-an. Kò sí oúnjẹ, kò sí omi, àfi bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá lù. Ó tún ní kí ẹnikẹ́ni má fẹnu sọ ọ́ síta, àárín ènìyàn àti Ọlọ́run ni ààwẹ̀ wà.

Nathaniel jókòó, ó ń ro ó. Bàbá ìyàwó kò ṣeé ránṣẹ́ sí pé kó má wá mọ́. Ẹni tó ti kọ̀ tẹ́lẹ̀, kò yẹ kí òun tún fún un láyè láti kọ̀. Ó wá ní, àlejò á jẹ, àwa á máa gbé e fún wọn, kí ló burú?

Nídìí ayùn, Mùbàṣírù rí i pé kò fẹnu kan omi. "Àwa ní tiwa, a mọ oṣù tí a ń gbààwẹ̀," ó ní. "Ẹ̀yin, bí ẹnì kan bá ti lálàá, ebi dé."

"Fa ayùn, jàre."

Ọjọ́ pé. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà síwájú ilé. Wọ́n yá bẹ́ǹṣì ìjọ. Ìkọ́kọrẹ́ kún ìkòkò ńlá, ẹja gbígbẹ ń yọjú nínú rẹ̀. Ìrẹsì wà, ẹran ewúrẹ́ wà. Àwọn ará ìjọ ń gbé àwo kiri, wọ́n ń gbójú sápá kan. Ẹnu Nathaniel gbẹ bí èèpo igi.

Ní ọ̀sán, ọkọ̀ akẹ́rù dúró. Adéfọlá sọ̀kalẹ̀, ó gbé agbọ̀n ẹja yíyan dání. Àbẹ̀bí sáré, ó kúnlẹ̀ nínú eruku. Baba gbé Títí sókè, ó wò ó, ó gbé e kalẹ̀. Ó wọ inú ilé. Ó fi ìka lu férémù ilẹ̀kùn.

"Igi yìí dáa," ó ní.

Àbẹ̀bí gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú rẹ̀. Ó gbé omi ìfọwọ́. Baba kò fọwọ́. Àwọn àgbà tó kù ń wò ó, torí òun ni wọ́n fẹ́ kó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

"Kí ló dé, bàbá mi?"

"Mo ń dúró de onílé."

Orí Nathaniel wú. Ó ti gbàgbé. Bí àlejò bá kọ́kọ́ jẹun nílé ẹni, onílé ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀, kó lè mọ̀ pé ọwọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ, sáàmù ni wọ́n ń kà sórí oúnjẹ, ó parí. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, àṣà náà sì ti fò ó lọ́kàn.

Àbẹ̀bí ní, "Ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọ wò fún yín."

"Ọmọ mi ni ọ́. Ṣé ìwọ lo máa pa mí ni? Onílé ni mo wí."

Alàgbà Zechariah súnmọ́ ọn. "Bàbá, a ti gbàdúrà sí i."

"Ẹ ṣeun. Ṣé àdúrà ló se é ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mùbàṣírù na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ n bá a tọ́ ọ wò, bàbá. A jọ ń di ayùn mú ni."

"Ìwọ? O ti jẹ àwo méjì. Mo rí ọ."

Gbogbo àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín. Nathaniel nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Alàgbà ń wo ojú rẹ̀. Baba náà ń wò ó. Kò lè sọ ìdí rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n má sọ.

Baba na ọwọ́ sí fìlà rẹ̀. "Kò burú. Ọ̀nà jìn. Kí n tètè máa lọ."

Nathaniel wo Àbẹ̀bí. Kò sunkún. Ó ń tún ìró rẹ̀ ró, bí ẹni tó fẹ́ sin àlejò dé ojú ọ̀nà.

Nathaniel fọwọ́. Ó bu òkèlè, ó fi sẹ́nu, ó gbé e mì. Ẹnì kan láàárín ìjọ ní, "Jésù!" Alàgbà Zechariah kọjú sí ògiri.

Baba fọwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ, díẹ̀díẹ̀. Mùbàṣírù kò lè mú un mọ́ra. "Bàbá, ẹ mọ̀ pé ààwẹ̀ ló ń gbà?"

Ọwọ́ baba dúró. "Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Wọ́n ní ká má sọ ọ́, sà."

"Kí ni ìjọ máa wá fi ọ́ ṣe báyìí?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Baba wò ó títí. Ó wá sún lórí bẹ́ǹṣì. "Jókòó. Jẹ ẹ́. Ẹni tó ti tutù kì í sá fún òjò mọ́."

Wọ́n jọ tọwọ́ bọ àwo kan náà, àna àti àna. Àbẹ̀bí sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń pariwo pé ta ló jẹ́ kí ìrẹsì jó.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, ìjọ gba sùtánà lọ́wọ́ Nathaniel. Wọ́n ní kó máa jókòó lẹ́yìn pátápátá fún oṣù mẹ́ta. Kò jiyàn. Ó kàn rí i pé Àbẹ̀bí dìde lápá àwọn obìnrin, ó fi ipò rẹ̀ níwájú sílẹ̀, ó wá jókòó sí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn, kí àwọn méjèèjì lè wà lórí ìlà kan náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí oṣù mẹ́ta fi pé.

Nígbà tó yá, ibà pa Àbẹ̀bí. Àìsàn náà kò pẹ́ rárá. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ará àdúgbò ní Adéfọlá á wá kó ẹrù ọmọ rẹ̀, á mú Títí lọ, ọ̀rọ̀ á tán. Baba wá lóòótọ́. Ó jókòó. Kò bèèrè ẹrù.

"Oúnjẹ dà?" ó ní.

Nathaniel fúnra rẹ̀ ló se ìkọ́kọrẹ́ náà. Ó dì, kò dán. Baba jẹ ẹ́ tán.

"Iyọ̀ pọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àbẹ̀bí náà máa ń da iyọ̀ jù, nígbà tó ṣì kéré."

"Kò sọ ọ́ fún mi rí, sà."

"Kò lè sọ ọ́," baba wí. Ó gbé Títí sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún wọn bí Àbẹ̀bí ṣe rí nígbà tó wà lọ́mọdé.