Ẹ Má Pa Kọ̀ǹpútà Yẹn!

Òkè-Fìà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà nígbà náà, èmi ọmọ Iléṣà tí àwọn ará Òṣogbo ń pè ní obìnrin oníkọ̀ǹpútà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọlọ́kadà kan wá gbé mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan: kọ̀ǹpútà màmá kan tó ń bá wọn tẹ̀wé ti dákú, ojú ẹ̀ ṣì ń tàn ṣùgbọ́n kò gbọ́ bọ́tìnnì kankan mọ́.

Mo bá màmá náà tó káwọ́ lérí. Rélùwéè ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti kọ́ wọn pé tí wọ́n bá ti tẹ ìwé àṣírí tán, kí wọ́n sun èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ. Ohun tó ṣe gan-an nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀gá rẹ̀ fi yí àwọn abúlé Ìjẹ̀ṣà ká, tó ń kọ ibi tó yẹ kí omi ẹ̀rọ dé sílẹ̀. Màmá tẹ ogójì ojú ìwé, bó ṣe ń tẹ̀ wọ́n ló ń sun wọ́n, kò sì séèfù ẹyọ kan. Lójú tirẹ̀, ohun tó bá ti hàn lójú kọ̀ǹpútà ti wà nípamọ́ nìyẹn. Ọ̀gá ń bọ̀ wá gbà á lọ́sàn-án.

"Mo gbé! Ọdún mẹ́ta péré ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Wọ́n á lé mi ni!"

Òṣìṣẹ́ kan ní, "Ẹ jẹ́ ká pa á, ká tún un tàn." Ó ti nawọ́. Mo gbá ọwọ́ náà pàá.

"Tóo bá pa á, gbogbo ẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn! Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?" Inú bí i. Kó máa bínú lọ.

Mo sọ fún màmá pé ẹni tó dákú ò tíì kú. Ohun tó tẹ̀ ṣì wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà náà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá múná lọ pẹ́rẹ́, ó parí. Jẹnẹrétọ̀ wọn sì ti bàjẹ́.

Gbogbo kọ̀ǹpútà tí mo bá tún ṣe, mo máa ń fi ètò kékeré kan pamọ́ sínú ẹ̀, tó lè dá mi lóhùn láti ìta, kódà tí bọ́tìnnì kankan ò bá ṣiṣẹ́ mọ́. Mo sì ti tún ti màmá yìí ṣe rí. Mo fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi, mo pè é. Kò dáhùn. Mo tún un pè. Ó dáhùn! Mo pariwo, "Ó ṣì ń mí!"

Ṣebí ọmọ òṣómàáló ni mí, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń lóṣòó ti onígbèsè títí á fi sanwó. Mo lóṣòó tì í, mo ní n ò ní dìde àfi tó bá kó gbogbo ẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tèmi, láàárín pàǹtírí àmì tí kò nítumọ̀. Lójijì iná ṣẹ́jú, màmá ké "Jésù!", iná dúró. Nígbà tó fi máa tó ogún ìṣẹ́jú, ogójì ojú ìwé pé. Màmá ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi jó yí tábìlì ká, mo ń wo òṣìṣẹ́ yẹn lójú kòrókòró.

Àṣé nǹkan mìíràn tún bá a jáde: lẹ́tà kúkúrú kan tí màmá ti tẹ̀ láàárọ̀ náà, tó sì ti pa rẹ́. Ó ń bẹ ọ̀gá pé kó jẹ́ kóun fiṣẹ́ sílẹ̀, nítorí orí òun ò gba kọ̀ǹpútà.

Mo rọra bi í, "Mà, ṣé kí n tẹ èyí náà jáde?"

Ó kà á, ó yọ awò ojú ẹ̀, ó nù ún.

"Mo rò pé mo ti pa á rẹ́."

"Kò tíì parẹ́ o, mà."

"Pa á rẹ́ fún mi." Ó fa àga ẹ̀ sún mọ́ tábìlì. "Kóo tó lọ, wá fi bí wọ́n ṣe ń séèfù yẹn hàn mí."