Agbọ̀n ẹja fún iṣẹ́ ìlú

Ọkàn mi ò balẹ̀ sí tíṣà tó ń darí ẹgbẹ́ Síkáòtù àwọn ọmọ wa yìí.

Mo pàdé rẹ̀ ní èbúté láàárọ̀ yìí. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọmọ á lọ pàgọ́ sí etí òkun, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ìlú: wọ́n á kó ojúoró tó bo omi ẹ̀yìnkùlé Ìyá Tóyìn.

Mo ní, "Tíṣà, ojúoró yẹn lẹ́ni tó ni ín. Ṣé ẹ ò rí igi tí wọ́n fi sọgbà yí i ká ni? Ìyá Tóyìn ń sin ẹja sábẹ́ rẹ̀."

Ó ní, "Háà, ẹ má bínú, màmá. Àlejò ni mí. Mo rò pé ìdọ̀tí lásán ni."

Mo gbà á gbọ́. Ọmọ Ìlàjẹ kọ́, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀?

Mo délé, mo bi ọmọ mi obìnrin pé kí ni tíṣà ní kí wọ́n mú dání.

Ó ní, "Àdá, àjẹ̀, àti agbọ̀n ẹja tó bá tóbi jù nílé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti sọ fún wa."

Agbọ̀n ẹja kẹ̀? Fún ìdọ̀tí?

Ẹ̀yin òbí tó kù, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ní kí ọmọ tiyín mú wá?