Ẹni Tó Bá Bú Ara Rẹ̀ Á Jó

Nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin wa ní Òmù-Àrán, òfin kan wà tó ju gbogbo òfin lọ: ẹni tó bá bú ara rẹ̀ á jó. Kì í ṣe ijó jẹ́jẹ́ o. Wàá bọ́ sí àárín, àwọn tó kù á máa pàtẹ́wọ́, wàá sì jó títí Àǹtí tó ń darí wa á fi ní ó tó. Bí o bá ní, "Ẹsẹ̀ mi ti tínrín jù," ijó. Bí o bá ní, "Ó wù mí kí n pupa díẹ̀ sí i," ijó. Mùsùlùmí ni wọ́n nílé ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní kó máa bá mi wá sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọ̀sán Sátidé. Ọmọ yẹn a máa mọ̀ọ́mọ̀ bú etí ara rẹ̀ nígbà tí ijó bá ń yún un lẹ́sẹ̀.

Èmi ò mọ̀ọ́mọ̀. Tọkàntọkàn ni mo fi kórìíra imú mi. Ó fẹ̀, ó tẹ́, ó jókòó sáàárín ojú mi bí onílé tí ẹnikẹ́ni ò lè lé jáde. "Fèrèsé Méjì" ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé. Mo tiẹ̀ ti fi pẹ́ẹ̀gì tí ìyá mi fi ń sá aṣọ há a rí, bóyá á súnkì. Omi ló bọ́ lójú mi, imú wú, ó sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, màá kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo imú. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ya fọ́tò, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni ẹ ó ti bá mi.

Àfi bí Àǹtí ṣe kéde pé a ń lọ wo àwọn ère òkúta ní Èsìẹ́. Ó ní fọ́tò tó bá dùn jù níbẹ̀ ni yóò wà lára bánà àyájọ́ ẹgbẹ́ wa, èyí tí wọ́n máa ń so sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí gbogbo ìlú lè rí i. Inú mi dùn sí ìrìn àjò, àyà mi já sí fọ́tò. Mo pinnu pé ẹ̀yìn ọmọ tó ga jù nínú wa ni màá wà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì ò tíì dé Òrò tí ohùn wa ti há. A kọ orin ìjọ, a kọ orin ilé kéú tí ọ̀rẹ́ mi kọ́ wa, a tún kọ orin tí wọ́n fi ń polówó ọṣẹ. Awakọ̀ ní bí a ò bá dákẹ́, òun á já wa sílẹ̀ fún àwọn ará Òrò kí wọ́n máa bọ́ wa. A túbọ̀ pariwo.

Ère pọ̀ níbẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Obìnrin, ọkùnrin, wọ́n jókòó lórí àpótí bí ẹni tó wá sípàdé. Èyí sanra, èyí gùn lọ́rùn, ètè èyí nípọn, kò sì sí èyí tó dorí kodò nínú wọn. Àǹtí ní, "Ó yá, kí kálukú wá ẹni tó jọ ọ́."

Ilé dàrú! Ọmọ tó máa ń sọ pé òun ti sanra jù rí obìnrin kan tó jókòó gbàgìdì, ó pariwo pé, "Ẹ wo bí a ṣe níyì!" Ọ̀rẹ́ mi yan èyí tí kò lórí. Ó ní, "Èmi nìyí lọ́jọ́ ìdánwò ìṣirò." Àǹtí fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Èmi ń yọ́ rìn lọ ní igun kan, ni mo bá pàdé imú mi. Òun gan-an ni. Ó fẹ̀, ó tẹ́, ihò méjèèjì là sílẹ̀ kedere. Mo rò ó pé ẹnì kan ló fara balẹ̀ gbẹ́ imú yìí. Bí kò bá wù ú, ṣé kò ní gé e kù ni? Mi ò mọ ìgbà tí mo kígbe pé, "Mo ti rí ara mi o!" Gbogbo wọn sáré dé. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ère, wọ́n ní ìbejì ni wá. Bàbá tó ń mú wa kiri wú ikọ́ díẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ọkùnrin lèyí o. Wo irùngbọ̀n rẹ̀."

Áà! A fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ẹ̀rín tèmi ló pọ̀ jù, mo gbàgbé láti fi ọwọ́ bo imú. Ìgbà náà ni Àǹtí ya fọ́tò.

Gbogbo ẹgbẹ́ ní fọ́tò yẹn ni yóò lọ sára bánà. Kí a tó dé Òmù-Àrán, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi. Mo bẹ Àǹtí pé kó yọ ọ́. Ó ní, "Ojú rẹ ni, ìwọ lo ni ín. Màá fi ránṣẹ́ sí fóònù ìyá rẹ. Fara balẹ̀ wò ó. Bí o bá ní rárá, rárá náà ni."

Mo jókòó sílé ìdáná pẹ̀lú fóònù ìyá mi, rárá ti wà lẹ́nu mi. Ìyá àgbà ní, "Kí lọmọ yìí ń wò tó ń mí bíi màlúù?" Ó gba fóònù, ó nà án jìnnà, ó fà á mọ́ra. Ó ní,

"Ta ló ya ìyá mi?"

Ìyá mi rò pé ojú ìyá àgbà ni kò ríran dáadáa mọ́. Ó ní, "Màmá, ọmọ ọmọ yín nìyẹn."

"Mo mọ̀, mo lójú. Ṣùgbọ́n ìyá mi nìyí. Báyìí ni imú rẹ̀ máa ń là bó bá ń rẹ́rìn-ín."

Ìlú Rórè ni ìyá tó bí ìyá àgbà kú sí kí ẹnikẹ́ni tó yà á ní fọ́tò. Ó pẹ́ tí ìyá àgbà ti ń ráhùn pé òun ò rántí ojú rẹ̀ dáadáa mọ́.

Mo ní, "Ṣé ẹ ò ti ń rí i lójú mi tẹ́lẹ̀ ni?"

"Níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Ṣebí ọwọ́ rẹ ló ń bò ó ní gbogbo ìgbà."

Ó na ìka láti fi kan imú náà nínú fọ́tò, ni fọ́tò bá tóbi lójijì, imú mi kún gbogbo ojú fóònù. Ìyá àgbà hó yèè! Ó ní ẹ̀rọ náà gan-an mọ̀ ọ́n. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó láàárín ìkòkò, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo dìde, mo bá a jó, bẹ́ẹ̀ ni mi ò bú ohunkóhun lára mi.

Ìyá mi béèrè ohun tí òun máa sọ fún Àǹtí. Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí imú náà hàn dáadáa."