Agẹ́ńtì Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Yàn

Muṣin ni nǹkan náà ti wọ̀ mí lẹ́wù. Mo wà lọ́dọ̀ aládùúgbò wa kan lọ́jọ́ tí agẹ́ńtì mú ẹni tó fẹ́ ra ilé rẹ̀ wá. Àwọn tó ń lu ara ọkọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, ariwo wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Àsìkò tí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán gan-an ni agẹ́ńtì yìí dé. Ó gba ẹ̀yìnkùlé mú oníbàárà wọlé, ó jẹ́ kó dúró lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ títí ara fi tù ú, kó tó ṣílẹ̀kùn. Kí àwọn alòòlù tó padà dé, ọkùnrin náà ti ń béèrè ẹni tí yóò gba owó lọ́wọ́ òun. Mo sọ nínú ara mi pé iṣẹ́ nìyí.

Láti ìgbà náà, Sátidé tí n kò bá ní ìwé ọmọ iléèwé láti máàkì, mo di ẹni tó ń wá ilé rà. Tíṣà ni mí ní Yaba. Owó oṣù mi kò lè ra ilẹ̀kùn. Síbẹ̀, mo tẹ̀lé agẹ́ńtì yíká Sùúrùlérè, Yaba àti Ìlúpéjú. Mo mọ èyí tó máa ń fi òrùka kan ibi tó le jù lára ògiri. Mo mọ èyí tó ti mọ wákàtí tí omi ń yọ, tí yóò ṣí ẹ̀rọ omi kó tó la ẹnu. Mo sì mọ̀ pé yàrá tí agẹ́ńtì bá yára kọjá, òrùlé ibẹ̀ ń jò.

Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ mi lọ sí Ìbàdàn lẹ́nu iṣẹ́, a pinnu láti ta ilé wa ní Ìpọ̀nrí, kí a lè fi parí èyí tí à ń kọ́ lọ́hùn-ún. Ògiri rẹ̀ ti dúró, òrùlé ló kù, a sì fẹ́ kí páànù gorí rẹ̀ kí òjò tó dé. Ọkọ mi ní, "Ọ̀gá àwọn agẹ́ńtì, ọwọ́ rẹ ló kù sí."

Mo pe mẹ́ta. Èkíní yin ilé wa títí ojú fi ń tì mí. Èkejì kò wo nǹkan kan, ìwé ilẹ̀ nìkan ló ń béèrè. Ẹ̀kẹta, arákùnrin kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní kíṣìnì, ó fọwọ́ ra ìsàlẹ̀ ògiri.

"Àǹtí, omi gọ́tà ń wọ ibí bí òjò bá pọ̀."

Òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti kùn ún.

"N kò lè fi pamọ́ fún oníbàárà o. Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn."

Ojú ẹsẹ̀ ni mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Mo sọ fún ọkọ mi pé ẹni tó lè sọ àléébù ilé lójú onílé kò ní purọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó mú èèyàn wá lóòótọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo máa ń kun ilẹ̀ dán dè wọ́n, mo sì ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù kalẹ̀. Wọn á yọjú sí kíṣìnì, wọn á dúpẹ́, wọn á lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè iye rẹ̀. Mo rò pé àwọ̀ ògiri ni, mo tún un kùn. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀.

Mo wá bẹ tíṣà tuntun kan níléèwé wa, ọmọbìnrin tí agẹ́ńtì náà kò mọ̀ rí, pé kó lọ bá a bí ẹni tó ń wá ilé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a pàdé níléèwé, ó rọra jókòó tì mí.

"Àǹtí, ṣé ilé yín tilẹ̀ wà nínú èyí tí wọ́n ń tà?"

"Kí lo fi bẹ́ẹ̀ sọ?"

"Ibẹ̀ la kọ́kọ́ lọ. A ò tíì dé géètì tí wọ́n ti ní kí n ká aṣọ mi sókè, pé omi máa ń dé orúnkún níbẹ̀. Wọ́n ní onílé lójúkòkòrò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n mú mi lọ wo òmíràn lápá Yaba. Ká sọ tòótọ́, lẹ́yìn tiyín, ààfin ni mo rò pé mo wọ̀. Bí mo bá lówó ni, ǹ bá ti san án."

Ó yé mi. Àwọn agẹ́ńtì ti mú èmi náà lọ wo ilé burúkú rí kí wọ́n tó mú mi lọ síbi tó dára, n kò sì bi ara mi léèrè ẹni tó ni ti àkọ́kọ́. Wọ́n ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Tèmi sọ ọjà mi di ẹ̀gbin, kí ti ẹlòmíràn lè wọ́n.

Mo dúró de agẹ́ńtì náà lẹ́yìn tí a kọ́ orin tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ko ọ̀rọ̀ náà lójú. Kò sẹ́.

"Àǹtí, ṣé mo parọ́ ni? Omi kì í wọ kíṣìnì yín?"

"Ó ń dé orúnkún?"

"Ẹnu ọjà nìyẹn."

"Ilé mélòó lo ti fi ilé mi tà?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.

Ó gbójú sókè, ó rò ó. "Mẹ́rin. Ilé yín wúlò gan-an ni." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó ń yìn mí.

Mo gba kọ́kọ́rọ́ mi. Ṣùgbọ́n òjò ti ṣáájú páànù dé Ìbàdàn, ògiri yàrá méjì sì ti wó lulẹ̀. Ọkọ mi kò bá mi wí, ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo kọ "Ilé títà" sára pátákó, mo so ó mọ́ géètì, mo sì ń mú oníbàárà wọlé fúnra mi. Nọ́ọ̀sì kan ló rà á, iye rẹ̀ dín sí ohun tí a fẹ́. Láti ìgbà náà làwọn ojúlùmọ̀ ti ń pè mí kí n wá bá wọn ta tiwọn. Èyí tó wà ní Ìlúpéjú, tó tà lóṣù tó kọjá, ló sọ iye ilé tí mo ti bá èèyàn tà di mẹ́sàn-án.